Ẹ má tíì ju alternator 504 yín nù, ẹ tú u wò ná

Peugeot 504 bàbá mi ni mo ń wà, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná lọ́dún 1982, òun ló gbé gbogbo wa lọ iléèwé l'Ábẹ́òkúta níbí. Ó ṣẹlẹ̀ pé iná pupa orí dáṣíbọ́ọ̀dù ò kú mọ́, tí mo bá sì dé Pánṣẹ́kẹ́ lálẹ́, iná iwájú á máa ṣe bàìbàì bí àtùpà tí epo ẹ̀ ń tán lọ. Rewáyà tí mo gbé e lọ bá ò tiẹ̀ tú alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí tó ń ṣe iná fún bátìrì àti mọ́tò, ó ní kí n lọ ra tòkunbọ̀, mo rà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò. Ni mo bá gbé ti àtijọ́ sórí tábìlì.

Ẹ kọ́kọ́ tú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì o, kí ẹ sì fi ìṣó fa ìlà kọjá lára ìhà méjèèjì kí ẹ tó ya á, kí ẹ lè mọ bó ṣe jókòó tẹ́lẹ̀. Kábọ̀n méjèèjì tó ń gbé iná wọ rotor, ìyẹn irin tó ń yí nínú ẹ̀, ló ti jẹ tán, wọn ò kan òrùka bàbà ara rotor dáadáa mọ́, níbo ni iná fẹ́ gbà? Ó dùn mí gan-an, torí kábọ̀n ni mo fẹ́ ju odidi nǹkan nù.

Mo fi sáńpépà tó kúnná nu òrùka yẹn títí ó fi ń dán, mo fi mítà wọ̀n ọ́n, òrùka sí òrùka gbé bíi ohm 4, òrùka sí irin rotor ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan. Dáyóòdù, àwọn tó ń sọ iná alternator di irú èyí tí bátìrì lè gbà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ kí iná gbà kọjá, tó bá ń gba iwájú gba ẹ̀yìn ó ti kú nìyẹn. Nọ́ńbà bẹ́ríǹ wà lára ẹ̀, ẹ mú u dání lọ ra irú ẹ̀ ní Láfẹnwá.

Ibi tó ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rèé: ìdí nọ́ọ̀tì tí wáyà ńlá bátìrì ń wọ̀, wáṣà pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe irin, mo gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe ní kí n fi nẹ́gẹ́tíìfù kan orí bátìrì báyìí, ó ta pàrà, wáyà rú èéfín, ìyá mi ké láti kíṣìnì. Ọpẹ́ ni pé n ò tíì dì í. Wáṣà yẹn ló ń ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára irin, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá tú, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ tò ó sórí aṣọ funfun bí ẹ ṣe ń yọ ọ́.

Mo fi kábọ̀n tuntun sí i, mo tún un tò, mo sítáàtì, mítà tí mo fi kan bátìrì kúrò ní fóòtì 12.4 bọ́ sí 14.1, mo tan gbogbo iná, kò wá sí ìsàlẹ̀ 13.8, iná pupa sì kú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà la gun Àsẹ́rò, iná mọ́ rekete, ìyá mi jókòó níwájú níbi tó máa ń jókòó sí nígbà tí bàbá mi ń wà á.