Bẹ́ẹ̀lì oníkámẹ́rà, agogo àtijọ́, àti tiransifọ́mà kékeré tó fojú mi rí màbo

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo kọ nǹkan síbí gbẹ̀yìn, iṣẹ́ ni, ọmọ tuntun náà ni, Màmá sì ti wà lọ́dọ̀ wa ní Houston láti bíi oṣù méjì, wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ. Màmá gan-an ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ṣé ẹ rí i, láti èṣí la ti ra bẹ́ẹ̀lì oníkámẹ́rà kan, oníbátìrì, a gbé e bo bọ́tìnnì àtijọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́lẹ̀. Tẹ́nì kan bá tẹ̀ ẹ́, fóònù mi á dún, ti ìyàwó mi náà á dún, a ó rí ojú ẹni yẹn, a ó bá a sọ̀rọ̀. Kò sí wàhálà. Àmọ́ Màmá ò ní ju WhatsApp lọ lórí fóònù wọn, fóònù ọ̀hún gan-an, orí tábìlì kíṣìnnì ló máa ń sùn sí, nígbà míì bátìrì ti kú láti àná. Ó wá di ọjọ́ kan, mo wà níbi iṣẹ́, mo wà nínú mítìnnì, mo ti pa ohùn fóònù mi, ìyàwó mi àti ọmọ ń sùn, ẹni tó gbé oògùn ọmọ wá tẹ bẹ́ẹ̀lì, ó tún un tẹ̀, Màmá jókòó sí pálọ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré sí ilẹ̀kùn, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin yẹn lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí mo délé tí mo ní Màmá ẹ ò gbọ́ ni, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹni tó wá sílé onílé, tí ò ké àgò, tí ò kanlẹ̀kùn, ṣé àlejò nìyẹn?" Kí ni mo fẹ́ sọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mo máa ra èyí tí wọ́n ń fi wáyà so, kí n so ó mọ́ agogo tó wà lára ògiri kọ́rídọ̀ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí mọ agogo tí mò ń sọ, àpótí funfun tó ti di pupa rúsúrúsú, tó máa ń dún din-don, ilé tí wọ́n bá ti kọ́ lọ́jọ́ tó pẹ́ kì í ṣàìní in. Ẹlẹ́tíríṣíàn kan sọ iye tó máa gbà kó tó fọwọ́ kàn án, ẹ̀rín ni mo kàn rín. Mo ní ṣebí wáyà méjì ni.

Wáyà méjì ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ká ní mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni, mi ò ní jẹ ìyà tí mo jẹ. Iná ilé níbí, 120 volts ni, agogo ò lè jẹ ìyẹn. Tiransifọ́mà kékeré kan ló ń sọ ọ́ di kékeré fún un. (Tiransifọ́mà tí mò ń wí kì í ṣe ti àdúgbò tá a máa ń dáwó fún o, èyí ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.) Wáyà méjì ló jáde lára ẹ̀. Ọ̀kan lọ sára agogo, níbi tí wọ́n kọ Trans sí, èkejì gba inú ògiri lọ bá bọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà. Láti bọ́tìnnì, wáyà míì tún padà wá sára agogo, níbi tí wọ́n kọ Front sí. Ó tán. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ọ̀nà pàdé, iná kọjá nínú wáyà wíwé tó wà nínú agogo, ó di mágínẹ́ẹ̀tì, ó ta irin kékeré kan síwájú, ó gbá páálí irin kìíní, din. Tẹ́ ẹ bá jọ̀wọ́ ẹ̀, sípíríìnì fa irin yẹn padà, ó gbá èkejì, don. Síkúrù kẹta tún wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Rear sí, ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé nìyẹn, òun kì í dún ju din lásán lọ kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí àlejò wà. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo ṣí ìdérí ẹ̀ tí mo rí irin yẹn, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀, irin, sípíríìnì àti wáyà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé bọ́tìnnì lásán kì í jẹun, ẹni bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń jí i. Kámẹ́rà ní tiẹ̀ ń jẹun tọ̀sán-tòru. Ibi tí bọ́tìnnì wà lẹ máa so ó sí, ó sì túmọ̀ sí pé inú wáyà wíwé agogo yẹn náà ni oúnjẹ ẹ̀ máa gbà kọjá, díẹ̀díẹ̀, kó má pọ̀ débi tí irin á fi ta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó nǹkan pẹlẹbẹ kan báyìí sínú páálí tèmi, power kit ni wọ́n ń pè é, ẹ máa so ẹsẹ̀ ẹ̀ kan mọ́ Front, ìkejì mọ́ Trans, kí oúnjẹ kámẹ́rà lè rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà, kí agogo má bàa máa kùn.

Sátidé ni mo mú un. Àkọ́kọ́, kí n pa bíríkà, ìyẹn síwíìṣì tó ń gé iná apá kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Èwo ni bíríkà agogo nínú gbogbo wọn? Ẹni tó ni ilé yìí kó tó tà á fún wa fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ti parẹ́. Mo yọ oníbátìrì kúrò, mo ní kí ìyàwó mi dúró síta kó máa tẹ bọ́tìnnì àtijọ́, èmi wà ní gáréèjì, mò ń pa bíríkà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí agogo ò bá dún mọ́ kó pariwo. Mo pa ti fíríìjì, mo pa ti AC, mo pa ti yàrá Màmá. Màmá jáde síta pẹ̀lú ìró wọn lọ́wọ́, "Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé wọ́n máa ń mú iná lọ níbí náà ni? Ẹ ò sì sọ fún mi, ǹ bá gbé làǹtánì mi dání." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí, kò tiẹ̀ rántí tẹ bọ́tìnnì mọ́, a ní láti tún un bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tá a rí bíríkà tán, mo tú bọ́tìnnì àtijọ́. Bí síkúrù kejì ṣe jáde báyìí ni bọ́tìnnì já bọ́, wáyà kan sì rọra wọ inú ògiri lọ bí alángbá. Fírí! Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, mo ń rí orí ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ mi ò tó o. Irin ìkáṣọkọ́ ni mo ká lórí tí mo fi há a jáde, ogójì ìṣẹ́jú gbáko, òógùn bò mí. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú tiyín, ẹ fi téèpù lẹ wáyà méjèèjì mọ́ ògiri kẹ́ ẹ tó fa bọ́tìnnì kúrò.

Síso gan-an ò le. Wáyà méjì sí ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀lì tuntun, èyíkéyìí sí èyíkéyìí, torí iná AC ni (iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kì í ṣe AC tó ń mú ilé tutù), kò ní orí kò ní ìdí. Mo so power kit sínú agogo, mo dá ìdérí padà, mo tan bíríkà, iná búlúù ń yí lójú bẹ́ẹ̀lì, mo so ó mọ́ Wi-Fi, mo rí ojú ara mi lórí fóònù. Mo ti ń yan káàkiri bí ẹni tó gbẹ̀bùn. Mo tẹ̀ ẹ́.

Din... ùùùùùn.

Kò sí don. Ó kàn ń kùn bí oyin inú ìgò. Kí n tó ṣẹ́jú, kámẹ́rà kú, ó tún tan padà fúnra ẹ̀, ó ń wá Wi-Fi. Mo tún un tẹ̀, ó tún kú. Lọ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, ó tán, áàpù á ní òun ò rí i mọ́. Èyí gan-an ló yẹ kó là mí lójú: alẹ́ ló máa ń tan iná tí ojú wa ò rí kó lè ríran nínú òkùnkùn, oúnjẹ ẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i. Mi ò ronú débẹ̀. Wi-Fi ni mo bá jà. Mo pe àwọn tó ṣe é, ẹni tó gbé fóònù ní kí n pa ráútà kí n tún un tàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta bí ọ̀dẹ̀. Lọ́kàn mi, kò lè jẹ́ iná, ṣebí agogo yìí ń dún din-don dáadáa pẹ̀lú bọ́tìnnì àtijọ́?

Mo wá yá mítà. Mo gbé e sẹ́nu wáyà méjèèjì, òdo. Òdo kẹ̀! Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti jó nǹkan kan. Àṣé DC, irú iná inú bátìrì, ni mo yí mítà sí. Mo yí i sí V tó ní ìlà kọ́lọkọ̀lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn AC, ó gbé 10 àti díẹ̀ wá. Inú ìwé bẹ́ẹ̀lì, ohun tí wọ́n kọ ni 16 sí 24 volts.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, iṣẹ́ iná niṣẹ́ wọn. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì, wọ́n ní, "Àbúrò, o ti wo tiransifọ́mà?" Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ibo ló wà? Àjà. Àjà ilé ní Houston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá ti gùn ún rí mọ̀, ààrò ni. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ lẹ̀gbọ́n dé kí oòrùn tó mú, a gbé àkàbà, a bá a lórí àpótí iná kan nídìí páìpù AC, eruku bò ó. Mo fi àtàǹpàkò nu ojú ẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: 10V, 10VA (VA yìí ni gbogbo agbára iná tó lè gbé). Ẹ fi 10 pín 10, iná ámúpù kan ṣoṣo ló lè gbé. Iyẹn tó fún irin tó ń ta fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, bọ́tìnnì àtijọ́ ò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kámẹ́rà ò lè yó níbẹ̀ láéláé.

Èyí tá a rà, 16V, 30VA, ogún dọ́là àti díẹ̀. Nǹkan ogún dọ́là! Pípààrọ̀ ẹ̀ ni mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá ṣe tí ò bá mọ iná, torí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ 120 volts ni, ìyẹn kì í ṣeré. Ẹ̀gbọ́n pa bíríkà, wọ́n tún fi tẹ́sítà tọ́ ọ wò pé ó kú lóòótọ́, dúdú mọ́ dúdú, funfun mọ́ funfun, àwọ̀ ewé lọ sílẹ̀, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sínú áàpù, mo sọ fún un pé irú agogo tí mo ní, mechanical ni, oní-irin, kì í ṣe digital. Ẹ má gbàgbé ibi yẹn o, ó ń sọ fún bẹ́ẹ̀lì irú agogo tó fẹ́ gbá.

Mo tẹ̀ ẹ́. DIN-DON! Ó dún débi pé ọmọ ta jí, ó figbe ta, ìyàwó mi yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ojú tó fi wò mí, mi ò ní gbàgbé ẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní báyìí tí mò ń kọ ọ́ yìí, láti aago kan sí aago mẹ́rin ọ̀sán, a máa ń fi áàpù pa ohùn agogo torí ọmọ ń sùn. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, tiyín yàtọ̀ díẹ̀, inú àpótí fíúùsì ni tiransifọ́mà yín sábà máa ń wà, 8 volts ló sì wọ́pọ̀ jù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀lì míì gbà á, òmíì ò ní gbà á, ẹ wo ara páálí kẹ́ ẹ tó rà.

Ti Nàìjíríà ló tiẹ̀ ń dẹ́rù bà mí. Àbúrò mi ní Ìbàdàn rí fídíò tí mo fi ránṣẹ́, ó ní kí n fi irú ẹ̀ rán Màmá tí wọ́n bá ń bọ̀, òun máa so ó mọ́ agogo din-don tiwọn. Mo ní má dán an wò! Púpọ̀ nínú agogo tí wọ́n ń tà lọ́jà wa, iná 220 tààrà ló ń jẹ, kò sí tiransifọ́mà láàárín, wáyà tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì lẹ́nu géètì yẹn, 220 ló wà nínú ẹ̀. Ẹ so bẹ́ẹ̀lì oní-16 volts mọ́ ọn, ó máa jó, ẹ sì lè bá a lọ. Oníbátìrì ni mo máa fi ránṣẹ́, tòun ti agogo ẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó sì gbé ráútà sórí ínfátà, torí tí wọ́n bá mú iná lọ, kámẹ́rà tí ò rí Wi-Fi, àwòrán ara ògiri ni.

Lánàá mo wà níbi iṣẹ́, fóònù mi dún, mo ṣí i, Màmá ni, wọ́n ti rìn yí àdúgbò ká bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, wọ́n dúró síwájú kámẹ́rà pẹ̀lú gèlè wọn, wọn ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì rárá, wọ́n kàn gbé ẹnu sún mọ́ ọn: "Àgò onílé o! Ẹ ṣílẹ̀kùn, oòrùn ń pa mí." Mo ní, "Àgò yà, Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tẹ ibi tó ń tànmọ́lẹ̀ yẹn." Wọ́n ní, "Ṣé o ò ti gbọ́ mi ni?"