Ohun tí mo rí dì mú lọ́dún yìí: kí fóònù mọ ohun tí ẹni tó gbé e ń ṣe

Ọdún ń kógbá sílé. Iṣẹ́ kan ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́wọ́ mi: kí fóònù mọ̀ bóyá ẹni tó gbé e ń rìn, ó jókòó, tàbí ó ń gun àtẹ̀gùn, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ àti ìgbà tó yẹ kó ké gbàjarè.

Dátà UCI HAR, àkójọ àkọsílẹ̀ bí ara èèyàn ṣe ń mì nígbà tó bá ń rìn, tó jókòó tàbí tó ń ṣe nǹkan mìíràn, ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 30, láti ẹni ọdún 19 dé 48, de Samsung Galaxy S II mọ́ ìbàdí, fóònù náà sì ń ka bí ara wọn ṣe ń mì nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọ́n gé e sí ègé ìṣẹ́jú-àáyá 2.56, ìdajì ègé kan sì tún wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá po àwọn ègé yìí pọ̀ kó tó pín wọn sí èyí tí ẹ̀rọ á fi kọ́ṣẹ́ àti èyí tí wọ́n á fi dán an wò ti fi ìbéèrè han akẹ́kọ̀ọ́ kó tó wọ gbọ̀ngàn. Máàkì á ga, àmọ́ irọ́ ni. Àwọn tó kó dátà náà jọ mọ èyí: èèyàn 21 ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ, 9 tí ẹ̀rọ kò rí rí ni wọ́n fi dán an wò. Ìlànà yẹn ni mo dì mú jálẹ̀ ọdún, n kò sì ní fi í sílẹ̀.

Ìjókòó àti ìdúró ló le jù. Nínú méjèèjì, ìbàdí wà lóòró, kì í sì í mì. Ìdùbúlẹ̀ rọrùn ní tiẹ̀, torí òòfà ilẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ mìíràn fa fóònù. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ju módẹ̀lì ńlá lọ ni pé kí ẹ̀rọ máa wo ohun tó ṣáájú: kò sẹ́ni tó ń ti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àtẹ̀gùn láì kọ́kọ́ dìde.

L'Ékòó, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, fóònù á ní ẹni tó wà nínú dánfó jókòó jẹ́ẹ́ sílé. Àfi kó wo GPS fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó rí i pé ó ń lọ.

Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tí àwọn èèyàn wa ń rà kò ní gyroscope tó ń mọ bí fóònù ṣe ń yí, kò sì ní barometer tó ń fi ìfúnpá afẹ́fẹ́ mọ̀ pé èèyàn ti gòkè. Àwọn ìyá wa kì í sì í de fóònù mọ́ ìbàdí. Inú báàgì ló wà, tàbí etí ìró. Ẹni ọdún 48 ló dàgbà jù nínú dátà yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà tó lè ṣubú nílé láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí ni mo torí wọn ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: àwọn tó ti lé ní 60, pẹ̀lú àṣẹ wọn, fóònù níbi tí wọ́n máa ń fi í sí gan-an, accelerometer, ohun tó ń mọ bí fóònù ṣe ń mì, nìkan.