Kúrúùsì lórí alùpùpù onítáyà mẹ́ta: ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní alùpùpù onítáyà mẹ́ta ni kì í fọwọ́ kan bọ́tìnì cruise control ara ẹ̀ rárá, ìyẹn kúrúùsì, tó ń di eré tẹ́ ẹ bá yàn mú sójú kan láìjẹ́ pé ọwọ́ yín ń fún ẹ́ńjìnì níná, wọ́n á gùn ún láti àárọ̀ dalẹ́ lórí ọ̀nà márosẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún á ti kú, ìka á ti le gbagidi, síbẹ̀ wọn ò ní tan án. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní ẹ̀rù ń ba àwọn. Ẹ̀rù yẹn sì nídìí o. Ẹni tó bá ti pẹ́ lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan, tí nǹkan bá yọ níwájú báyìí, kó tó rò ó tán ọwọ́ ti dín iná kù fúnra ẹ̀. Kúrúùsì wá gba iṣẹ́ yẹn ṣe, ọwọ́ ò rí nǹkan ṣe mọ́, ara á wá máa fura.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń sọ o. Àwọn máṣíìnì ńlá tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn ni, bíi Can-Am Spyder tó ní táyà méjì níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, àbí Tri Glide ti Harley-Davidson tó jẹ́ ọ̀kan níwájú méjì lẹ́yìn.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé títan kọ́ ló ń fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀, pípa ni. Bọ́tìnì méjì péré lẹ máa tẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan án, ọmọdé gan-an lè ṣe é. Àmọ́ ìgbà tí ara yín bá ti mọ̀ dájú pé mo lè gba máṣíìnì yìí padà lójú ẹsẹ̀, láìwo bọ́tìnì, láìronú, ìgbà yẹn lẹ̀rù máa tó lọ. Torí náà ẹ wá ojú títì tó gùn tọ́ọ́rọ́, tó gbẹ, tí mọ́tò ò pọ̀ níbẹ̀, lójú ọ̀sán, ẹ má sáré púpọ̀, ẹ tan án, ẹ sì pa á kíá. Ẹ tún tan án, ẹ tún pa á. Ẹ má tíì jẹ́ kó gbé yín lọ síbì kankan.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á ò sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ dán gbogbo ẹ̀ wò. Búrékì lẹ́ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, kẹ́ ẹ ṣáà fẹsẹ̀ bà á, ìgbà tí iná búrékì ẹ̀yìn bá tàn ni kúrúùsì ti já, búrékì fúnra ẹ̀ lè má tíì mú. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fagi lé e náà wà. Tí tiyín bá ní kílọ́ọ̀ṣì (clutch), tẹ́ ẹ bá fà á, ó pa nìyẹn. Lórí àwọn kan, tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ iná (ibi tọ́wọ́ ọ̀tún ti ń fún ẹ́ńjìnì níná) síwájú kọjá ibi tó ti pa pátápátá, kúrúùsì á já, èyí gan-an ni mo fẹ́ràn jù torí òun ló sún mọ́ nǹkan tọ́wọ́ wa ti mọ̀ látilẹ̀. Ẹ wo ìwé tó bá máṣíìnì yín wá, kẹ́ ẹ mọ èyí tó ní.

Àwọn tó ń gun Spyder, ẹ gbọ́ tèmi dáadáa níbí. Kò sí búrékì ọwọ́ lára ẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń mú táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí kúrúùsì bá ti wà lórí, ara á fẹ́ nasẹ̀, tí wọ́n bá sì ti so ibi ìgbẹ́sẹ̀lé tó wà níwájú yẹn mọ́ ọn, ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa lọ síbẹ̀. Ó máa ń tuni lára, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n àkókò tẹ́sẹ̀ máa fi kúrò níbẹ̀ kó tó dé orí búrékì, títì ni máṣíìnì ń jẹ lọ yẹn. Tó bá jẹ́ 100 kìlómítà ní wákàtí kan lẹ̀ ń sá, ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ti gbé yín lọ bíi mítà 28. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró nítòsí búrékì títí ẹ fi máa mọ̀ ọ́n dunjú, ẹ na tòsì nìkan tó bá yẹ kẹ́ ẹ na ọ̀kan.

Ẹni tó ronú kan kúrúùsì yìí gan-an, afọ́jú ni. Ralph Teetor, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ojú ẹ̀ ti fọ́ láti kékeré. Wọ́n ní lọ́yà ẹ̀ ló máa ń wa mọ́tò gbé e, tí lọ́yà bá ń sọ̀rọ̀ á rọra sá, tó bá ń gbọ́rọ̀ á tún sáré, mọ́tò á máa já síwá já sẹ́yìn, ìyẹn sì sú Teetor. Ọdún 1950 ló gba ìwé àṣẹ ohun tó ṣe, nígbà tó di 1958 Chrysler fi sínú mọ́tò Imperial wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí èrò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ara ń ni, òun ló sì wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn lórí máṣíìnì náà ń jẹ irú ìyà yẹn, gbogbo ìgbà tọ́wọ́ yín bá dín iná kù tó tún fún un, orí ẹ̀ á ju síwájú ju sẹ́yìn, akoto yín méjèèjì á máa kanra wọn. Tí eré bá dúró sójú kan, ẹni ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀ ọ́n lára.

Kúrúùsì ò ríran ṣá o. Sẹ́ńsọ̀ ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí táyà ṣe ń yí sí, kọ̀ǹpútà á sì máa fún ẹ́ńjìnì níná àbí kó dín in kù, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Àwọn kan ti wà tó ní rédà níwájú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mọ bí mọ́tò iwájú ṣe jìnnà sí, Ducati gbé ti Multistrada V4 jáde ní 2020, ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìyẹn, tí mọ́tò iwájú bá rọra ó máa rọra. Ti kúrúùsì lásán tá à ń sọ yìí, tírélà lè dúró gbọnrangandan síwájú yín, kò kàn án. Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, ẹ máa gbọ́ tí ẹ́ńjìnì bú ramúramù, jíà àwọn tó ń yí jíà fúnra wọn lè yí pa dà, ẹ má jáyà, ó kàn ń wá agbára ni. Ìsọ̀kalẹ̀ lẹ máa ṣọ́ra fún, torí ọ̀pọ̀ wọn ò lè tẹ búrékì fúnra wọn, eré lè kọjá ohun tẹ́ ẹ sọ fún un.

Ibi tí onítáyà mẹ́ta ti yàtọ̀ gan-an nìyí. Irú Spyder àti Tri Glide yìí kì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà, ibi tẹ́ ẹ bá yí áńdù sí ló ń lọ, kò sì gba kí ọwọ́ le. Tọ́wọ́ bá di áńdù mú gírígírí, gbogbo bí ara ṣe ń mì ló máa dé ọ̀dọ̀ táyà, máṣíìnì á máa ta síbí ta sọ́hùn-ún, ẹ óò wá rò pé òun ló ń ṣe wèrè. Kúrúùsì ń wo èyí sàn. Ọwọ́ ọ̀tún ò ní nǹkan tó ń yí mọ́, èjìká á rọ̀, máṣíìnì á sì lọ tọ́ọ́rọ́. Ọwọ́ méjèèjì ṣì máa wà níbẹ̀ o, kó rọra gbé e ni.

Àmọ́ kọ́nà? Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Torí pé kì í tẹ̀, ara yín ni kọ́nà máa fẹ́ jù síta, kúrúùsì ò sì ní dín eré kù nítorí yín, á kàn máa tì yín wọlé síbẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé Spyder ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ọ kó má baà dojú dé, tó lè pa iná kó sì mú táyà kan, mi ò sì lè gun máṣíìnì kí n máa dúró de ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá jáde ní kọ́nà, ẹ má yára tẹ bọ́tìnì tó ń dá eré àtijọ́ pa dà. Ká ní 100 lẹ̀ ń sá, ẹ ti wá dé 60, ó lè fà yín gbọ̀ọ́ láti lé e bá. Ẹ fọwọ́ yín gbé e súnmọ́ 100 kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Tí òjò bá ń rọ̀, mi ò kì í tan án rárá. Táyà tó wà láàárín kì í tẹ ibi táwọn méjì yòókù ti tẹ omi kúrò, orí omi tuntun ló ń lọ, lórí Spyder táyà yẹn fẹ̀, òun náà ló sì ń ti máṣíìnì. Tó bá léfòó sórí omi tí kúrúùsì ṣì ń fún un níná, ẹ lè rò ó fúnra yín.

Ní ìgboro pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò yẹ kó wà lórí rárá. Bọ́tìnì àkọ́kọ́ yẹn, tó kàn ń jẹ́ kó wà ní sẹpẹ́ láì tíì di eré mú, òun náà ni kẹ́ ẹ pa, torí ìka lè ṣèèṣì kan ìkejì níbi tẹ́ ẹ ti ń wá fèrè.