Ọwọ́ Ta Ló Wà Lómi?

N'Íbàdàn, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá kí ìyá ìkókó, ohun tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni "Ẹ kú ọwọ́ lómi o." Ìkíni yẹn dùn mọ́ mi, àmọ́ nígbà tí mo bí Àjọkẹ́ lóṣù kẹta ọdún 2017, kò tọ́ sí mi. Ọwọ́ mi ò sí nínú omi kankan. Ọwọ́ ìyá mi ló wà ńbẹ̀, àti ọwọ́ ìyá ọkọ mi, àti ti ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó ti ń fọ ìlédìí kí n tó jí. Odidi ogójì ọjọ́, mi ò fi ọwọ́ ara mi wẹ ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Leeds, nílùú Ọba, tí mo bí Àlàní sí, lóṣù kọkànlá ọdún 2022, ọwọ́ mi kì í kúrò lómi láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tó kí mi kú u.

Ilé àwọn ọkọ mi ní Òkè-Ààrẹ la wà nígbà ti Àjọkẹ́. Kí agogo méje tó lù, ìyá ọkọ mi á ti jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, báàfù omi lọ́wọ́ọ́wọ́ níwájú wọn. Wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, wọ́n á wá ki kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú bọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò ọdún. Bó bá kan orí, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ yípo kó lè rí rogodo. Wọ́n á na apá, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n á fi í rọ̀ dirodiro, lẹ́yìn náà wọ́n á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo máa ń di ojú. "Kó má baà ya ojo ni," wọ́n á ní. "Bàbá ẹ̀ náà, bí mo se jù ú sókè nìyẹn, sé ojo ni?" (Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, ṣ ò sí lẹ́nu wọn.) Wọ́n á wá fi òrí pa á láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ títí á fi máa dán, ọmọ á sì sùn bí ẹni tí wọ́n lù ní kùmọ̀.

Èmi náà ní ìwẹ̀ tèmi, ìyẹn ò sì ní òrí nínú. Màámi á ti aṣọ ìnura bọ omi tó ń hó, wọ́n á fún un, wọ́n á fi tẹ ikùn mi mọ́lẹ̀. Mo ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́ débi pé ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé sáré wá kanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ní kí n jókòó sínú omi gbígbóná. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún agbẹ̀bí tó wá wò mí ní Leeds, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n fi omi tí kò gbóná jù fọ ojú ibi tí wọ́n rán, kí n jẹ́ kó gbẹ, pé ikùn á wọlé fúnra rẹ̀. Ikùn mi wọlé ní ìlú méjèèjì. Ti Ìbàdàn ló dùn mí jù.

Oúnjẹ kò gba ẹjọ́: ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀, àmàlà gbígbóná lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́ kí ọmú lè ya. Ní Leeds, ògì gbígbẹ inú ọ̀rá ni mo ń rò fúnra mi, ọmọ léjìká kan.

Ohun tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní Òkè-Ààrẹ ni omi. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ ti kọ́ wa, wọ́n fi orin kọ́ wa pàápàá, à ń pàtẹ́wọ́, pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí àgbo. Mo délé, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi òùngbẹ pa ọmọ wọn. "Mẹ́fà ni mo bí. Èwo ni kò mu omi nínú wọn?" Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ bá ẹlẹ́wé ọmọ l'Ọ́jà'ba, wọ́n sì gbé ìkòkò àgbo kaná. Mi ò lè kọ̀ sí wọn lẹ́nu, ìyàwó ilé ni mí. Mo máa ń gba ife, màá ní "Ẹ ṣé, mà," màá wọ yàrá, màá sì dà á gba ojú fèrèsé sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn so lọ́dún náà ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Títí dòní, àgbo ni wọ́n ń yìn fún ara líle Àjọkẹ́.

Ní Leeds, kò sẹ́ni tó fẹ́ fún ọmọ mi ní omi. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fún un ní ohunkóhun. Ọjọ́ kejì tí mo bímọ ni wọ́n ní kí a máa lọ sílé. Mo mọ̀ pé àwọn tó wà nílé á máa rò pé wọ́n pa wá tì, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Agbẹ̀bí wá bá wa nílé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé òṣùwọ̀n dání nínú àpò. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gún ọmọ ní gìgísẹ̀, ó sì kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí páálí kan. Wọ́n fi ń wá àwọn àìsàn tó ṣọ̀wọ́n, àti èyí tí kò ṣọ̀wọ́n rárá láàárín àwa: fòníkú-fọ̀ladìde. Kí Àlàní tó pé oṣù méjì, a ti mọ̀ pé kì í ṣe SS. Àjọkẹ́ ti ń sáré kiri kí á tó gbé e lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, torí kò sẹ́ni tó ní ká ṣe é nígbà tí a bí i. Níbi eléyìí, mi ò ní parọ́ fún ìlú mi: Leeds ló ṣe dáadáa.

Abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ife, àwọn méjèèjì gbà á. N'Íbàdàn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá wa padà. Ìgò kan máa ń tó ọmọ 20, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, wákàtí mẹ́fà péré ló ní kí wọ́n tó da ìyókù nù, wọn kì í fẹ́ ṣí i fún ọmọ mẹ́ta. Ní Leeds, wọn kì í fún gbogbo ọmọ. Wọ́n fún Àlàní torí pé Nàìjíríà ni àwa òbí rẹ̀ ti wá. Lẹ́tà ló pè wá, ó sì ti lé ní ọjọ́ 28.

Nọ́ọ̀sì mìíràn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí nígbà tí ọmọ ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kọ ìwọ̀n ọmọ sínú ìwé pupa tí wọ́n fún wa. Ó ní kí n máa tẹ́ ọmọ ní àyà sókè, lórí ibùsùn tirẹ̀ nínú yàrá wa, kí yàrá má gbóná ju ìwọ̀n 20 lọ. (Àárín èmi àti Màámi ni Àjọkẹ́ sùn, pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, nínú ooru oṣù kẹta.) Ó wá pa ìwé dé, ó bi mí bóyá inú mi máa ń bàjẹ́, bóyá nǹkan ò wù mí í ṣe mọ́. Mo bú sẹ́kún. N'Íbàdàn, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá ìkókó tó bá ń sunkún níbẹ̀, "Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún, ṣé ọmọ kú ni?" ni wọ́n máa bi í. Àmọ́ kò sí wákàtí kan tí wọ́n fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ mi gbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ní tèmi, ọ̀sẹ̀ 39 ni wọ́n fi san nǹkan fún mi, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó mi ni mo sì gbà fún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ilé ìwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni n'Íbàdàn ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́ Ajé tí ọkọ mi padà síbi iṣẹ́, ilẹ̀ ti ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màámi ló yẹ kó wà ńbẹ̀. Àwọn tó ń fúnni ní físà kọ̀ fún wọn, wọ́n ní àwọn ò gbà pé Màámi á padà sílé. Ìyá tó ní ìsọ̀ ẹlùbọ́ ní ọjà Bódìjà láti ọgbọ̀n ọdún! Ta ni wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀ fún?

Báyìí ni mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, nígbà tí mo ti bí méjì. Mo gbé fóònù ti ìgò òróró, ìyá ọkọ mi sì ń wò mí láti Òkè-Ààrẹ.

"Di ọrùn mú. Ọrùn! Na ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó yá, jù ú sókè."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, àjà ilé yìí ò ga."

"Àjà kẹ̀? Sé orí àjà ni mo ní o jù ú sí?"

Iná á sì lọ lọ́dọ̀ wọn, ojú wọn á dúró gbagidi lórí fóònù, ẹnu yà sílẹ̀, èmi àti Àlàní á ku àwa méjì.

Ìwọ́ rẹ̀ já lọ́jọ́ kẹsàn-án. Mi ò mọ ibi tí mo máa sin ín sí. Ilé onílé la wà. Mo wé e, mo fi í sínú ìwé pupa. Oṣù kejìlá ọdún 2023 la gbé e lọ sí Òkè-Ààrẹ, ọkọ mi sì sin ín síbi tí wọ́n sin ti Àjọkẹ́ sí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí, wọ́n ní kí n gbé ọmọ wá. Ara wọn ti dín kù, mo rí i lọ́wọ́ wọn. Àlàní kò gbà. Ó ké, ó ta, ó da omi nù, ó ń na ọwọ́ sí mi. Wọ́n gbìyànjú, wọ́n rọ̀ ọ́, wọ́n kì í ní oríkì, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Wá gbà á. Ọwọ́ rẹ ló mọ̀."

Mo jókòó sórí àpótí. Mo wẹ̀ ẹ́, mo na apá, mo na ẹsẹ̀, mi ò jù ú sókè. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń wo ọwọ́ mi, wọn ò sọ nǹkan kan títí mo fi ń fi òrí pa á.

"Òrí yẹn kéré."