Bí mo ṣe ń tọ́jú abo ejò bóà tí ó bá lóyún

Ejò bóà kì í yé ẹyin. Inú ni ó ti ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọn yóò fi gbó, láàyè ni ó sì ń bí wọn. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ní abo bóà fi sọ́kàn kí ó tó ṣe ohunkóhun nìyí. Ẹni tí ejò rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń yé ẹyin lè kó ẹyin náà sínú àpótí tí a fi ń pa ọmọ, kí ó sì máa fi ẹ̀rọ ṣọ́ ooru inú rẹ̀. Àwa tí ń sin bóà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí ara ìyá gan-an ni àpótí náà, ìyá kò sì lè pèsè ooru láti inú ara rẹ̀. Ibi tí ó bá ti rí i ni ó ti ń lọ gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ wa ni kí á pèsè ooru tí ó tọ́, kí á má jẹ́ kí ó yẹ̀, kí á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìyá.

Kí oyún tó dé rárá, ó yẹ kí á ti wo bí abo náà ṣe rí. Mo máa ń gba àwọn tí ó bá bi mí nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe gbé akọ sún mọ́ abo tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún 4, tí kò sì tíì gùn tó mítà 1.8, àyàfi bí ó bá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn bóà erékùṣù tí kì í tóbi. Abo tí ó rù kò ní ọ̀rá tí yóò fi gbé oyún dé èbúté, ìbí sì máa ń nira fún èyí tí ó sanra jù. Ẹ tún ronú nípa ibi tí àwọn ọmọ yóò lọ, nítorí abo kan lè bí ọmọ 10, ó sì lè bí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo bóà ni ó wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, nítorí náà a kò lè kó wọn kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ.

Ní apá àríwá ayé, láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kẹta ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń jẹ́ kí òru tutù díẹ̀ sí i nínú ilé ejò, nítorí ìtútù yìí, pẹ̀lú bí ọ̀sán ṣe ń kúrú, ni ó ń mú kí akọ fẹ́ gun abo. Akọ ní èékánná kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ àṣẹ́kù ẹsẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀, òun ni yóò sì fi máa họ abo lára títí tí yóò fi gbà fún un.

Bí ẹyin bá jáde láti ilé ẹyin nínú ara abo, àárín ara rẹ̀ yóò wú lójijì, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹran ńlá mì, bẹ́ẹ̀ kò jẹun. Wíwú yìí kì í ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ kí ó tó rọlẹ̀, ẹni tí kò bá sì yẹ ejò rẹ̀ wò lójoojúmọ́ lè má rí i rárá. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń mú akọ kúrò, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn èyí, abo náà yóò bọ́ awọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bọ́ awọ yìí sílẹ̀ síbi tí kò ti ní sọnù, nítorí láti ọjọ́ náà, nǹkan bí ọjọ́ 100 sí 120 ni yóò kọjá kí ó tó bímọ, bí ooru bá sì kéré, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ikùn tí ó wú kọ́ ni oyún o. Ọ̀rá lè fà á, ìgbẹ́ tí kò jáde lè fà á, àìsàn náà sì lè fà á, nítorí náà bí iyèméjì bá wà, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko fi skáànù wò ó. Ẹ má sì sọ pé kò lè jẹ́ oyún nítorí pé kò sí akọ nítòsí. Abo lè tọ́jú àtọ̀ akọ pamọ́ sínú ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti fi ẹ̀rí hàn nínú ìwé ìròyìn Biology Letters ní ọdún 2010 pé abo bóà kan bí ọmọ 22 nínú ìbí méjì, tí gbogbo wọn jẹ́ abo, tí kò sì sí èyí tí ó ní baba nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Ilé ejò gbọ́dọ̀ ní apá gbígbóná, tí mo máa ń fi sí 31 sí 32 °C, àti apá tútù tí kò ju 25 sí 27 °C lọ, kí ẹ̀rọ tí ń ṣàkóso ooru sì máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Bí ooru bá kéré jù fún ìgbà pípẹ́, ọmọ lè kú sínú. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè pa wọ́n tàbí kí ó sọ wọ́n di aláàbọ̀ ara. Àwọn kan máa ń sọ pé kí á kúkú fi ooru kan náà sí gbogbo ilé náà, kí ìyá má bàa ṣèṣì jókòó síbi tí kò yẹ. N kò fara mọ́ ọn, nítorí ìyá mọ ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó sì fẹ́ láàárọ̀ kọ́ ni ó máa ń fẹ́ lálẹ́. Bí oyún abo mi bá ti wọra, a máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní apá gbígbóná, ìdajì ara rẹ̀ ti ẹ̀yìn yóò yí sókè, ìpẹ́ ikùn rẹ̀ tí ó mọ́ ràkọ̀ràkọ̀ yóò sì kọjú sí ibi tí ooru ti ń wá. Bí mo bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, mo máa ń rí i pé ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jìnnà síra wọn, tí awọ tí ó wà láàárín wọn sì ti fà tín-ín-rín. Yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà yóò wọ́ lọ sí apá tútù, yóò ká ara rẹ̀ jọ síbẹ̀, kí ó tó tún padà. Bí kò bá sí apá tútù, níbo ni ì bá sá lọ?

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Nítorí pé aboyún máa ń pẹ́ lórí ooru ju bí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, ilẹ̀ tí kì í jó o lára látijọ́ lè jó o nísinsìnyí. Ilẹ̀ tí ó ń sùn lé gan-an ni kí ẹ wọn, kì í ṣe afẹ́fẹ́ òkè nìkan, kí ẹ sì fi nǹkan bo iná tí ń mú ilé náà gbóná kí ó má bàa lè fara kàn án. Ẹ tún ti ní ọ̀nà mìíràn tí ẹ ó fi mú ilé náà móoru bí iná mànàmáná bá lọ.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Eku kékeré ni mo máa ń fún un, bí ó bá sì kọ̀, n kì í dà á láàmú, nítorí ọ̀pọ̀ aboyún kì í jẹun títí wọn yóò fi bímọ, èyí tí ara rẹ̀ bá sì le nígbà tí ó lóyún lè fara dà á. Omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n ọn, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì wà ní nǹkan bí 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọjọ́ ìbí bá ti ń sún mọ́, mo máa ń fi abọ́ tí kò jìn rọ́pò abọ́ omi ńlá, kí ọmọ tuntun má bàa rì sínú rẹ̀. Ẹ má gbé e fún àlejò wò, ẹ má ṣe pààrọ̀ ilé rẹ̀, bí ó bá sì di dandan kí ẹ gbé e, ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e, kí gbogbo ara rẹ̀ rí ibi fara tì. Oògùn kòkòrò ara kankan kò gbọdọ̀ kàn án láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i.

Bí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kò ní lè jókòó sójú kan mọ́. Inú àpò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ń là kọjá ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń bá jáde, púpọ̀ nínú wọn yóò sì fi imú ya àpò náà fúnra wọn. Èyí tí ó bá ń jìjàkadì, tí kò rí i ya, ẹ lè fi ìka tí ẹ ti fi omi rin ṣí i níwájú imú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fa ìwọ́ rẹ̀ já. Ẹyin òfo, ìyẹn ẹyin inú ìyá tí kò di ọmọ, tí ó pọ́n ràkọ̀ bí ìda oyin, lè bá wọn jáde, òkú ọmọ náà sì lè wà láàárín wọn. Ó máa ń dun ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ ẹ̀bi olùtọ́jú. Èyí tí ó yẹ kí ó kó ìdààmú bá yín ni kí ìbí dúró nígbà tí kókó ṣì ń hàn nínú ikùn ìyá. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde láé, nítorí inú rẹ̀ lè fàya. Dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ bá, lọ́jọ́ náà.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50, ni kí ẹ fi sínú ilé tirẹ̀ lórí bébà tí ẹ ti fi omi rin. Wọn yóò bọ́ awọ àkọ́kọ́ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fún wọn ní ọmọ eku. Ní ti ìyá, mo máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, mo sì máa ń fọ ilé rẹ̀ títí òórùn ìbí yóò fi kúrò níbẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè padà sórí oúnjẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí oúnjẹ náà tún bẹ̀rẹ̀, eku kékeré ní àkọ́kọ́, kí inú tí ó ti wà lófìfo fún oṣù púpọ̀ má bàa bì í padà. Ó kéré tán, kí àsìkò kan tí akọ ń gun abo kọjá kí ó tó tún gba akọ. Ní tèmi, n kì í gbé akọ wọlé tọ̀ ọ́ títí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi kún padà tí egungun ibẹ̀ kò ní yọ sí mi lọ́wọ́ mọ́.