Àyẹ̀wò ọdún 2024: Soundwave tí wọ́n tà fún mi ní rédíò bíbàjẹ́

Mẹ́rin péré ló wọ ilé mi lọ́dún yìí nínú Transformers, róbọ́ọ̀tì ìṣeré tó ń para dà di ọkọ̀ tàbí ohun mìíràn. Lọ́dún 2021, mẹ́rìnlá ni. Lọ́dún 2022, mẹ́sàn-án. Ìfẹ́ ò dín kù rárá, owó ló le. Róbọ́ọ̀tì aparadà tó wà ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Voyager, èyí tó tóbi díẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbà lọ, nǹkan bíi dọ́là 35 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Lọ́dún yìí, ó ti lé ní 1,500. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 52,500 náírà, kí n tó san owó ẹrù, kí kọ́sítọ́ọ̀mù tó dá sí i. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje, 70,000 náírà ni. Mi ò lè gbójú kúrò lára ìṣirò yẹn. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Kí n tó ra ọ̀kan báyìí, mo máa ń fi oṣù méjì rò ó.

Ìròjinlẹ̀ yẹn náà ló yí ọ̀nà tí mo fi ń ṣe ìdájọ́ wọn padà.

Tẹ́lẹ̀, máàkì ni mo máa ń fún wọn. Bó bá dúró bí ènìyàn, mẹ́wàá. Bó bá di ọkọ̀, mẹ́wàá. Mo ní ìwé kan tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sí láti ọdún 2017. Ní oṣù kẹta ọdún yìí ni mo pa ìwé náà dé. Ohun tí mo ń wò báyìí ni àárín méjèèjì, ìgbà tí kì í ṣe ènìyàn, tí kì í ṣe ọkọ̀, tó kàn jẹ́ ike àti oríkèé lọ́wọ́ ẹni. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ẹni tó ṣe é wà, ibẹ̀ náà sì ni ìwà ọ̀lẹ máa ń fara hàn. Róbọ́ọ̀tì kan lè dára ní ìdúró, kó dára ní ọkọ̀, síbẹ̀ kó jẹ́ pé gbogbo ìparadà rẹ̀ kò ju pé a ṣí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀, a ká a mọ́ inú, a sì pa ìdérí náà dé. Irú ìyẹn ò tún wọ ilé mi mọ́.

Soundwave, róbọ́ọ̀tì tó ń di rédíò kásẹ́ẹ̀tì, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ni ọdún yìí jẹ́ fún mi.

Oṣù karùn-ún, ọjọ́ Sátidé, mo wà ní Kàtàngúwà, lápá Abúlé Ẹ̀gbá. Aṣọ òkìríkà ni gbogbo èèyàn ń wá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú báálì, ohun ìṣeré máa ń jáde mọ́ ọn nígbà mìíràn, àwọn obìnrin kan sì máa ń ṣà wọ́n jọ sínú ọpọ́n. Mo ń tú ọpọ́n ìyá kan. Mo rí bèbí aláìlápá, mọ́tò aláìlẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi kan ohun aláwọ̀ búlúù kan, onígun mẹ́rin, tó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fà á jáde.

Ìyá náà rí mi, ó ní, “Ọ̀gá mi, rédíò kásẹ́ẹ̀tì ni o, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín.”

“Èló ni, ìyá mi?”

“Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta wá.”

Mi ò lè san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kí n sì máa lọ. Mo lóṣòó síwájú wọn, mo fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, mo fa apá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, mo gbé orí rẹ̀ yọ. Wọ́n kígbe, “Yéè! Ènìyàn ló wà nínú ẹ̀!” Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí wa. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe rédíò rí, pé ohun ìṣeré ọdún 1984 ni, pé àwọn tó ń kó irú ẹ̀ jọ lókè òkun máa ń san ju iye tí wọ́n pè lọ dáadáa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu àwọn ná, àwọn ò ní gbà á padà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó wà lápò mi ni mo fi sílẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí mo ti rí ọ̀rẹ́ tó gbé mi dé ilé.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Gbogbo ìtàn kàtúùnù Transformers dá lórí pé àwọn róbọ́ọ̀tì fi ara pamọ́ láàárín àwọn ohun èlò wa. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjà kan ní Èkó, ó ṣì ń fi ara pamọ́. Ìyá tó ti rí oríṣiríṣi nǹkan nínú báálì wò ó dáadáa, ó sì pè é ní rédíò.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà. Soundwave kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kàtúùnù. Iléeṣẹ́ Takara ní Japan ló ṣe é, nínú ọ̀wọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Micro Change, tó jáde lọ́dún 1983. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ọ̀wọ́ yẹn ni pé kí ohun èlò inú ilé di róbọ́ọ̀tì, ní ìwọ̀n tó bá ti gidi mu: ìbọn, rédíò, kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀wọ́ kejì wà, Diaclone, tiẹ̀ sì jẹ́ ọkọ̀ kéékèèké tí awakọ̀ kékeré lè jókòó sínú wọn. Iléeṣẹ́ Hasbro ti Amẹ́ríkà ló ra ẹ̀tọ́ àwọn méjèèjì, ó pa wọ́n pọ̀, Bob Budiansky ti Marvel, iléeṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìtàn alàwòrán, sì fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ àti ìwà, kí kàtúùnù tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1984. Ohun ìṣeré ló ṣáájú, ìtàn ló tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí Optimus Prime, olórí àwọn akọni inú ìtàn náà, fi jẹ́ tírélà, tí Megatron ọ̀tá rẹ̀ fi jẹ́ ìbọn tí ènìyàn lè dì mú, tí àwọn méjèèjì sì ń bára wọn jà ní ìwọ̀n gíga kan náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yẹn máa ń dà mí láàmú. Bí mo ṣe wá mọ ìdílé méjì tí wọ́n ti wá, ọkàn mi balẹ̀.

Tèmi tí mo rà kò ní ìdérí bátìrì. Ó dùn mí, nítorí ohun tó wù mí jù lára rẹ̀ wà níbẹ̀: àwọn ohun ìjà rẹ̀ máa ń ká di bátìrì méjì, a ó sì tì wọ́n bọ ibi tí bátìrì ń gbé. Ẹni tó ronú kan ìyẹn mọ iṣẹ́. Ìbọn rẹ̀ náà ò sí mọ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì àyà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn àyà á ṣí, pọ́ọ́!

Bàbá mi ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ṣí bẹ́ẹ̀. Ayinlá Ọmọwúrà ni wọ́n máa ń gbọ́ lálẹ́, a ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti di olóògbé. Kásẹ́ẹ̀tì wọn méje ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Alẹ́ ọjọ́ tí mo ra Soundwave, mo gbé ọ̀kan sún mọ́ àyà rẹ̀. Kò lè wọ̀ ọ́, kásẹ́ẹ̀tì kékeré bí ìka méjì ni ibẹ̀ gbà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ mo gbé e sún mọ́ ọn.

Èkejì ni Ironhide, ti ọ̀wọ́ Siege ọdún 2019, tòkunbọ̀. Mo rà á nítorí orí. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe: Ironhide àti Ratchet ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1984 kò ní orí. Láti inú Diaclone ni wọ́n ti wá, nítorí náà ìjókòó awakọ̀ ló wà níbi tó yẹ kí orí wà, sítíkà ni wọ́n fi ya ojú sí i lára. Kàtúùnù fún wọn ní orí. Ike kò fún wọn. Àwọn ọmọ ọdún náà lọ́hùn-ún rí arúgbó jagunjagun lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wá ṣí páálí, wọ́n bá ìjókòó. Èyí tí mo rà yìí ní orí tó dára, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ti rí ogun. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo kórìíra ni ọ̀dà fàdákà tí wọ́n wọ́n sí àwọn ọ̀wọ́ Siege lára, kó lè dà bí ẹni tó ti fara gbọgbẹ́. Ó ń ba àwọ̀ pupa jẹ́. Ogun ni kó fi ọgbẹ́ síbẹ̀, tàbí ọmọ tó ń fi ṣeré.

Ẹ̀kẹta kò yẹ kí n rà á. Ayédèrú ni, jẹ́ẹ̀tì dúdú alélùkò ní àwòrán Skywarp, mi ò sì mọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ mọ̀ pé ìdílé jẹ́ẹ̀tì yẹn rọrùn láti tún ṣe: mọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n fi ṣe Starscream, Thundercracker àti Skywarp lọ́dún 1984, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀, lọ́dún 1985 wọ́n yí ìyẹ́ rẹ̀ padà, ó di Ramjet, Dirge àti Thrust. Mọ́ọ̀dù wọ́n, àwọ̀ kò wọ́n. Mi ò rí àléébù nínú ìyẹn, bí alágbẹ̀dẹ tó fi ẹmú kan ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ayédèrú mi ní tirẹ̀, ike rẹ̀ le gbagidi, kò ní fífà. Lọ́sẹ̀ kìíní ni ìdè èjìká rẹ̀ dá. Kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ ìyàwó mi ni mo máa ń fi kun oríkèé tó bá ti dẹ̀, kó lè mú dáadáa, ṣùgbọ́n kútẹ́ẹ̀sì kò lè so ohun tó ti dá. Ó wà nínú àpótí.

Ní oṣù kẹjọ, mo lọ sí Ìsẹ́yìn fún ọ̀rọ̀ ẹbí, ìrántí kan sì dé bá mi lójú ọ̀nà. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí mo rí eégún apidán níbẹ̀. Ó di ọ̀nì, ó di ere. Mo rántí ìlù, mo rántí bí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣe yí i ká, tí aṣọ ń yí sódì, nígbà tí wọn á fi là, ọ̀nì ló wà nílẹ̀, tó ń wọ́ bọ̀ wá bá wa, a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tó wà láàárín, wọn kì í jẹ́ kí a rí i. Bí ojú bá tó o, idán ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyẹn ni mo ń rò ní gbogbo ọ̀nà títí mo fi dé Èkó: pé ohun tí eégún ń fi pamọ́ yẹn ni róbọ́ọ̀tì mi fi lé mi lọ́wọ́. Kò sí aṣọ tí mo lè fi bò ó. Èmi ni mo ń pa idán náà, mò ń rí gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ìyanu rẹ̀ kò tíì kúrò lójú mi. Mi ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, Optimus Prime ti ọ̀wọ́ Earthrise, ọdún 2020. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston rà á ní tòkunbọ̀, wọ́n sì gbé e wá nínú báàgì wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe Kérésì. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa róbọ́ọ̀tì. Wọ́n kàn rántí pé mo máa ń sunkún nítorí rẹ̀ nílé aládùúgbò wa ní Agége, ẹni tó ní fídíò, nígbà tí fíìmù ọdún 1986 pa á. Hasbro fẹ́ kí àyè ṣí fún àwọn ohun ìṣeré tuntun, wọ́n sì pa baba àwọn ọmọdé láàárọ̀ ìtàn. Lọ́dún 1987 wọ́n jí i dìde nínú kàtúùnù, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ìyẹn kò dé Agége. Odindi ọdún púpọ̀ ni mo fi gbà pé ó ti kú.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Peter Cullen, tó ń fọhùn fún Optimus láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ tó ti jagun ní Vietnam ló fi ṣe àwòkọ́ṣe ohùn náà. Wọn ò dáhùn. Wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn.

Ní ti pé ó dára, ó dára púpọ̀. Àwa níbí mọ ohun tó ń jẹ́ orí tírélà, a rí wọn tí wọ́n tò lọ́nà Apápá, ojú pẹlẹbẹ bíi tirẹ̀ gan-an. Nínú kàtúùnù, bó bá ti di ènìyàn, ẹ̀yìn tírélà á yí lọ, a ò ní mọ ibi tó wọlé sí. Níbí, ó wà, a sì lè ṣí i di ibùdó ogun, bí ti ọdún 1984. Ìparadà rẹ̀ kò yára, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiyèméjì. Bí apá kan bá ti yí, òun ló máa sọ èyí tó kàn.

Ọjọ́ kejì Kérésì, mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì láìtíì parí rẹ̀, nítorí wọ́n pè mí síta. Nígbà tí mo padà, ọmọ mi ti mú un. Ó gbé e nàró lórí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mẹ́rin, páìpù èéfín méjèèjì sì yọ sókè.

Mo ní, “Jẹ́ kí n bá ẹ parí ẹ̀.”

“Ó ti parí, Dádì. Màlúù ni.”

Mo wò ó. Ìwo wà, ẹsẹ̀ mẹ́rin wà. Orí pẹpẹ ló gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Soundwave, bẹ́ẹ̀ ló sì wà di alẹ́ òní.