Agolo Ẹ̀gbọ́n àti Ṣòkòtò Mi

Ẹ má bi mí léèrè iye tí mo ná sórí báàgì tí mo gbé lọ sígbó ọdẹ lọ́jọ́ náà. Ó ní àpò lára, ó ní àpò nínú àpò, ó tún ní okùn mẹ́ta tí mi ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe títí dòní. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àdá wà níbẹ̀. Àga tó ṣeé ká pọ̀ náà ò gbẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n tí mo tẹ̀ lé kò gbé ju àpò àlòkù kan kọ́ èjìká lọ, agolo ìpara kan sì ń dún wóró wóró nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú agolo yẹn?"

Wọ́n ṣí i hàn mí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ki òwú bọ̀, píìnnì mẹ́rin, abẹ fẹ́lẹ́ kan, láítà méjì tí wọ́n wé téèpù dúdú àwọn oníná mọ́ lára, fèrè, okùn bàtà, òwú rírọ̀ tí wọ́n ti fi Vaseline pa, àti ike pọ́dà tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò tó owó àkọ̀ ọ̀bẹ mi.

Ẹ̀rín pa mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọdẹ la ń lọ ṣe ni àbí aṣọ la ń lọ rán?"

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n já téèpù díẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìbọn wọn kí ẹrẹ̀ má bàa kó sí i, torí ìbọn tí ẹrẹ̀ dí lẹ́nu lè bú mọ́ ẹni tó bá yìn ín. Èmi rò pé àgbà ló ń dà wọ́n láàmú.

Ìrọ̀lẹ́ la tó rí àgbọ̀nrín kan, ó ń jẹ ewé lọ́wọ́, kò fura rárá. Ẹ̀gbọ́n fún ike pọ́dà yẹn lẹ́ẹ̀kan, fùú. Eruku funfun náà fẹ́ padà sójú wa. Wọ́n mi orí, inú wọn dùn: afẹ́fẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ ẹran wá bá wa, kò lè gbóòórùn wa. Wọ́n fọwọ́ ṣàpèjúwe pé kí n lóṣòó. Mo lóṣòó.

FÀÀÀÀ!

Mo kọ́kọ́ rò pé igi ló ya. Ṣòkòtò mi ni, láti ìdí dé ibi tí ẹnu mi ò lè sọ. Àgbọ̀nrín gbórí sókè, ó wo ojú mi, mo sì lè búra pé ó wo ṣòkòtò náà pẹ̀lú. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, igbó gbé e mì. Gbogbo ohun tí pọ́dà tún ṣe, ìdí mi bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n na agolo sí mi. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n gbà á. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, atẹ́gùn lèmi ń fẹ́." Atẹ́gùn wọlé lóòótọ́, ẹ̀fọn sì bá a wọlé. Nígbà tó yá, mo fa tíṣẹ́ẹ̀tì mi gígùn bọ inú ṣòkòtò kí n fi bo ihò náà.

Bí a ṣe ń padà sí ibùdó, mo rí i pé fìlà mi ti já bọ́. Mo ní mò ń bọ̀, mo yà sẹ́yìn, ilẹ̀ ṣú bá mi. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì orí mi, mo tẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn. Báàgì ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀ láti àárọ̀, ó ti ń tànmọ́lẹ̀ fún àga inú báàgì títí bátìrì fi kú. (Ẹ̀gbọ́n máa ń yí bátìrì kan sódì nínú tiwọn kó má bàa ṣàdéédéé tàn. Ìyẹn ò sì ná wọn ní nǹkan kan.)

Mo pariwo "Ẹ̀gbọ́n ooo!" títí ohùn mi fi di ti ọ̀pọ̀lọ́. Ìgbà náà ni mo gbọ́ fèrè: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó wà nínú wàhálà nínú igbó ló máa ń fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ yẹn, Ẹ̀gbọ́n ò sí nínú wàhálà kankan, àmọ́ wọ́n mọ ibi tí wàhálà wà. Mo tẹ̀ lé ìró náà. Ibùdó ò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Igi kan ṣoṣo ni mo ti ń yí ká látàárọ̀.

Ìrì ti mú igi ìdáná, ṣùgbọ́n òwú oní-Vaseline yẹn gba iná, kò sì tètè kú títí igi fi mú. Nínú ìmọ́lẹ̀ iná náà ni Ẹ̀gbọ́n ti rí ohun tí ẹ̀fọn ti fojú mi, àbí kí n ní ẹ̀yìn mi, rí.

"Bọ́ ọ kí n bá ọ rán an."

Bọ́ ọ kẹ̀? Àga ni mo rù wá, mi ò mú ṣòkòtò kejì. Mo ní kí wọ́n rán an mọ́ mi lára bẹ́ẹ̀. Mo dojú dé orí àga náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá mi ṣe nìyẹn. Abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì gbà pé èèṣì ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kí n tó sùn, wọ́n so fèrè mọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ iléèwé.

Ní òwúrọ̀, Ẹ̀gbọ́n ti tọpa ẹran lọ tàwọn ti agolo wọn. Ìgbẹ́ gbọ̀n mí jí. Mo sáré wọ ẹ̀yìn igi, mo tú bẹ́líìtì, mo fa ṣòkòtò sísàlẹ̀, tíṣẹ́ẹ̀tì fún mi lọ́rùn. Mo fa tíṣẹ́ẹ̀tì sókè, ṣòkòtò bá a gòkè. Wọ́n ti rán àwọn méjèèjì pọ̀! Ọ̀bẹ mi? Ẹni tó bá lè fi ọ̀bẹ tó tó àdá ṣiṣẹ́ níbi tí mò ń wí yìí, kó wá gbìyànjú ẹ̀.

Mo fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tún un fọn.

Ẹ̀gbọ́n já gììrì wọlé pẹ̀lú ìbọn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé ejò ni? Ó bù ọ́ jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́... abẹ."

Wọ́n wò mí láti ọrùn dé ìdí. Wọ́n fa àga mi, wọ́n fara balẹ̀ jókòó sí i. Wọ́n yọ agolo, wọ́n ń ṣí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ò ní ṣú mọ́ láé.

"Àbúrò," ni wọ́n wí, "rán mi létí ná: ṣé ọdẹ la wá ṣe ni àbí aṣọ la wá rán?"